Sálámù Mẹ́ta ní Ẹsẹ̀ Àpáta Olóyin

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi a máa sọ fún ara wọn pé àyà mi le, nítorí wọ́n gbọ́ pé orí àpáta ni mo ti jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo ń gbọ́ wọn, n kì í sì í dá wọn lóhùn. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní akọni? Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe láyé, ẹ jẹ́ kí n ti orí òótọ́ bẹ̀rẹ̀: ojo ni mí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta bí àdán, kò sì sí ọjọ́ kan tí orúnkún mi kò gbọ̀n. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, wàláà nílé kéú, lẹ́yìn náà a-bí-dí tí mo kọ́ nígbà tí irun ti ń funfun. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé gègé mi kọsẹ̀, ẹ bá mi fò ó.

Iṣẹ́ tiwa ni kí a gun àpáta lọ kó oyin. Kì í ṣe oyin inú igi o. Àwọn oyin kan wà tí wọn kì í gbé ibòmíràn ju inú ihò ẹ̀gbẹ́ àpáta lọ, níbi tí òkúta ti dúró ṣánṣán bí ògiri mọ́ṣáláṣí. Àwọn àáfà ń fi oyin náà po oògùn. Ìda rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rán gàárì ẹṣin ní àdúgbò Gàmbàrí, wọ́n fi ń pa òwú kí omi má baà jẹ ẹ́. Gàárì tí àwọn olóyè gùn lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, ìda ọwọ́ wa ló wà lójú rírán rẹ̀. Kò sí ẹni tó bojú wò wá láti orí ẹṣin dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwa mọ̀.

Bàbá mi ló mú mi lọ bá Bàbá Àlàní, ọ̀gá mi. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, wọn kò sọ ọ́ lójú mi. Ohun tí mo ń rí jẹ níbẹ̀ nígbà tó yá, kò tó fi yangàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Odindi ọdún kan, n kò fi ẹsẹ̀ kan àpáta. Okùn ni mo ń ṣe. Awọ màlúù ni okùn wa nígbà náà. A ó gé awọ náà yípo yípo bí ẹni ń bó ọsàn, títí yóò fi di ìlà gígùn kan ṣoṣo. A ó lọ́ mẹ́ta pọ̀ mọ́ra, a ó nà án sáàárín igi méjì títí oòrùn yóò fi gbẹ ẹ́, a ó wá fi òrí pa á. Bàbá Àlàní kì í na ènìyàn. Ìyà tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ta kókó okùn tán, yóò ní kí n lọ so ó mọ́ ẹ̀ka igi àgbàlá rẹ̀, lókè ààtàn eérú àwọn ìyàwó rẹ̀, kí n sì fi ara mi rọ̀ sí i.

"Kókó tí o ta ni, àbí tèmi?" ni yóò wí. "Gùn ún."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo já sínú eérú. Àwọn ìyàwó rẹ̀ a máa kí mi pé, "Àkànbí, ẹ kú àbọ̀ láti Mẹ́kà," nítorí pé funfun ni mo máa ń dìde. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kókó mi kò tú mọ́ títí mo fi dàgbà.

Òfin rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Èkínní ni pé okùn kì í gun òkè pẹ̀lú òùngbẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oyin máa ń kún, ọyẹ́ a sì máa gbẹ okùn awọ títí yóò fi máa dún bí igi ìdáná. Bí o bá gùn ún bẹ́ẹ̀, já ni yóò já. Nítorí náà, kí a tó gun Àpáta Olóyin, a ó kọ́kọ́ rẹ okùn sínú omi. Kòtò kan wà ní ẹsẹ̀ àpáta náà tí Ọlọ́run gbẹ́ bí agbada, tí omi kì í tán nínú rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń rẹ ẹ́ láti ayé bàbá Bàbá Àlàní.

Èkejì ni sálámù. Àpáta Olóyin kò dá dúró nínú igbó. Àárín pápá tí màlúù àwọn Fúlàní ń jẹ̀ ló wà, gáà tí wọ́n ń gbé sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìrìn òwúrọ̀ kan ni láti ìlú, a ó ti gba abúlé Táńkẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gun àpáta náà láìjẹ́ pé ó dúró lẹ́nu ọgbà ẹ̀gún gáà, kó kí sálámù lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹni tó ni agbo yóò da màlúù rẹ̀ lọ sí ọ̀nà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, nítorí oyin tí wọ́n bá fi èéfín lé kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti màlúù. Nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀, afárá àkọ́kọ́ di ti gáà. Bí wọn kò bá dáhùn, a ó padà sílé.

Mo rántí ọjọ́ kan tí a rìn láti ìdájí. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Bàbá Àlàní kí sálámù kan, ó dákẹ́. Ó kí èkejì, ó dákẹ́. Ó kí ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tó dáhùn. Gbogbo wọn ti lọ sí ọjà wàrà. Àpáta náà wà níwájú wa gbàǹgbà. Mo ń gbọ́ bí oyin ti ń kùn.

Ọ̀gá mi gbé okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó yíjú sílé.

Mo ní, "Bàbá, kò mà sí ẹnì kankan níbí tí yóò dá wa dúró."

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ló fà á tí a fi ń lọ."

Mo kùn títí a fi dé Táńkẹ̀. Ìmọ̀ ọ̀dọ́ bí iyọ̀ tí kò ì yòrò ni: ó wà nínú ọbẹ̀, kò tíì dé ọbẹ̀.

Gìdàdó ni ẹni tó ni agbo náà nígbà tí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹgbẹ́ mi ni, gbọọrọ bí ọ̀pá tó fi ń da màlúù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn, ó dúró lókèèrè ń wò mí. Ọ̀gá mi so okùn mọ́ igi orí àpáta, ó ní kí n máa lọ. Mo ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo ka àwọn tí n kò mọ̀ mọ́ ọn. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, n kò tíì kúrò lójú kan.

Gìdàdó kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Àkànbí! Ẹ̀rù rẹ ti dé sílẹ̀ ńbí tipẹ́. Ìwọ nìkan la ń dúró dè!"

Ẹ̀rín ló jẹ́ kí ọwọ́ mi tú. Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí mo bá gbé afárá àkọ́kọ́ fún un, yóò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó ṣì ń gbọ̀n, kó tó gbà á. Ìyàwó rẹ̀ yóò bu wàrà fún mi nínú igbá.

Báyìí ni ọdún ń yí lu ọdún. Bàbá Àlàní darúgbó, ó jókòó sílé. Òyìnbó ti gba ìlú, wọ́n ti fi ajẹ́lẹ̀ wọn jẹ, réluwé ti ń tú èéfín. Mo gbé ìyàwó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó bí àkọ́bí mi, àrùn wọ àárín màlúù.

Ẹ̀yin kò rí i rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí i. Omi ni yóò máa jáde lójú ẹran, ẹnu rẹ̀ yóò bó, ìgbẹ́ gbuuru yóò mú un, kó tó di ọjọ́ mélòó kan ó ti na ẹsẹ̀. Láti apá òkè ló ti ń bọ̀, gáà dé gáà. Àṣẹ jáde pé kí ẹnikẹ́ni má gba inú pápá ẹran kọjá mọ́, kí wọ́n má ta ẹran tó kú, kí wọ́n má ta awọ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀ka ẹ̀gún dí gbogbo ọ̀nà, wọ́n fi dógarì, ẹ̀ṣọ́ ọba, sí ìdí igi irú lẹ́nu ọ̀nà Táńkẹ̀. Gìdàdó fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Àrùn kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Àkànbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má wá títí òjò yóò fi rọ̀."

Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ìyàwó mi sì bí ọkùnrin. Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ, oyin sì ni a fi ń tọ́ ọmọ lẹ́nu. Mo wo inú ilé: kèrègbè gbẹ. Mo wá oyin kiri ìlú, kò sí, torí pé ọ̀nà ti dí fún gbogbo wa. Àna mi obìnrin rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ilé olóyin náà la ó ti fi ìrèké tọ́ ọmọ lẹ́nu?" Àwàdà lásán ni. Ṣùgbọ́n ojo kì í fẹ́ àwàdà. Ẹ̀rù ẹnu àwọn ènìyàn bà mí ju ẹ̀rù àpáta lọ, ó bà mí ju ti dógarì lọ. Ẹ̀rù ló rán mi lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgboyà ni.

Nígbà tí mo gbé okùn mi kalẹ̀, èkúté ti jẹ ẹ́ já lọ́nà méjì. Okùn tuntun kì í pé kíákíá. Mo lọ bá alápatà kan tí mo mọ̀, ó mú awọ kan jáde láti ẹ̀yìn ilé, tútù, tó ṣì ń rùn. Kò sọ bí ẹran náà ṣe kú. Èmi náà kò bi í. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, kì í béèrè. Mo gé e, mo lọ́ ọ, mo sá a sí oòrùn fún ọjọ́ kan péré, òde rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ kò gbẹ.

Mo gba inú odò kọjá lẹ́yìn dógarì. Mo yí gáà ká láti apá kejì, mo yọ́ kẹ́lẹ́ bí olè, n kò kí sálámù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kí i? Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ àpáta, mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi, ohun tí mo ti ń ṣe láìronú láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Mo ki okùn tuntun náà bọ inú agbada omi. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè mu dáadáa. Ojú omi náà dọ̀tí díẹ̀, ó sì tún mọ́.

Mo gùn, mo gbọ̀n, mo kó oyin, mo sá.

Ìsọmọlórúkọ náà dára. Wọ́n fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu, wọ́n pè é ní Sùlèmánù, àna mi yìn mí. Bí a ti ń jẹun lọ́wọ́ ni ọmọ dógarì kan gbé igbá wàrà wọlé. Ó ní Fúlàní kan gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀gún ọ̀nà Táńkẹ̀, kò kọjá ẹ̀gún, ó kàn kígbe pé kí wọ́n gbé e fún Àkànbí olóyin, pé òun kò lè wá, ṣùgbọ́n òun gbọ́ pé ó bímọ.

Mo jẹ ẹ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Gbogbo ojú ló ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, n kò mọ adùn wàrà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí mo gbọ́ ọ ní ọjà pé àrùn ti wọ agbo Gìdàdó. Kò gba gáà kankan tó wà láàárín kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fò wọ́n. Ẹnu ya àwọn ènìyàn. Ẹnu kò ya èmi.

Mo lọ bá Bàbá Àlàní lórí ẹní rẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "O kí sálámù?"

Mo ní, "N kò kí i, Bàbá."

"Okùn ńkọ́? Níbo lo rẹ okùn sí?"

"Inú agbada ni. Ẹ̀yin náà lẹ ní okùn kì í gun òkè..."

Ó gbé ọwọ́ sókè dá mi dúró. Ó bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Omi kan náà ni màlúù ń mu, mo sì mọ̀. N kò rò ó kan ọjọ́ báyìí rí." Ó wá ní, "Lọ bá a. Má mú oyin dání. Ẹnu rẹ nìkan ni kó o mú lọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rọ̀ lórí okùn tó ń já fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ọjọ́ náà jìn ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń jáde nílé, tí mo ń padà ní Táńkẹ̀. Dógarì pàápàá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ, ṣé ìwọ náà ni ẹran tó ń ṣàìsàn ni?" Ní ọjọ́ kẹrin, kò sí dógarì níbẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́.

Mo dúró lẹ́nu ọgbà ẹ̀gún, mo kí sálámù. Gìdàdó dáhùn lẹ́ẹ̀kínní.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń di ẹrù. Nínú gbogbo agbo, abo mẹ́ta àti ẹgbọrọ kan ló kù. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ sínú àpò rẹ̀, ó mú fọ́nrán awọ kan jáde, tínrín, tí omi ti jẹ lára.

Ó ní, "Létí agbada ni mo ti rí i, lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ. Mo mọ ìlọ́ ọwọ́ rẹ. Mo ti ń retí rẹ láti ìgbà tí ẹran àkọ́kọ́ dùbúlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ láti orí awọ alápatà dé orí wàrà. N kò fi nǹkan kan pamọ́, àfi ẹkún, ìyẹn náà kò gbà.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́?"

"Sùlèmánù ló ń jẹ́. Ara rẹ̀ le."

"Alihamdulilahi. Kí Ọlọ́run dá a sí."

Ó tẹ̀ mọ́ ẹrù rẹ̀, ó fa okùn rẹ̀ le. Láìwò mí, ó ní, "Àkànbí, Ọlọ́run ló ni àpáta, òun náà ló ni koríko. Kí ni èmi ní? Ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo ní. Ìwọ kò sì kan ilẹ̀kùn."

Wọ́n lọ sí apá òkè lọ́jọ́ náà. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Bàbá Àlàní kú kí òjò tó rọ̀. Èmi sì ń ṣiṣẹ́ lọ, nítorí ẹni tó jẹ̀bi náà ń jẹun. Ọdún díẹ̀ ni n kò dé Àpáta Olóyin. Mo ń gun àwọn kéékèèké tí oyin wọn kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni okùn òyìnbó dé sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá réluwé, funfun, fífúyẹ́, tí kò mọ òùngbẹ. Kò sí kíkì í bọ omi mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ti bá okùn awọ lọ. Mo padà sí Àpáta Olóyin.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Mo ń dúró níbi tí ọgbà ẹ̀gún wà tẹ́lẹ̀, tó ti wó, tí koríko ti bò. Mo ń kí sálámù mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ń dáhùn. Mo wá ń wọlé. Ọdún lẹ́yìn ọdún ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń pe ara mi ní ẹni tó mọ òfin. Ohun tí ojo fi ń tan ara rẹ̀ pọ̀.

Sùlèmánù dàgbà, ó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà màlúù, òun ló ń di ẹran mú tí wọ́n bá ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Ó bá mi jẹun lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé awọ tútù lásán lè gbé àrùn náà dé inú agbo? Wọ́n ní kí a máa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn." Mo ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo mu omi. Sùlèmánù, bí o bá ń ka èyí, ìdáhùn mi nìyí. Mo ti mọ̀ kí dókítà yín tó mọ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń sin oyin nínú àpótí lẹ́yìn ilé wọn, tí kò sí ẹni tó ń fẹ́ gun ohunkóhun mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo ti dé ẹsẹ̀ Àpáta Olóyin, mo ti kí sálámù mi, mo ti wọlé, mo jókòó ń tú okùn, nígbà tí mo gbọ́ ìró pátákò. Fúlàní kan ló ń da agbo bọ̀, àgbà ọkùnrin, àlejò tí n kò rí rí. Òùngbẹ ń gbẹ ẹran rẹ̀, wọ́n ti gbóòórùn omi agbada. Ó fi ọ̀pá dá wọn dúró níbi ọgbà tó wó.

Ó rí mi lókèèrè. Ó ní, "Bàbá, ta ló ni ibí?"

Mo ní, "Gìdàdó ni."

"Ṣé ó wà nílé?"

Mo ń tú okùn mi lọ. Ó kọjú sí ẹ̀gún gbígbẹ náà, ó kí sálámù. Ó dúró. Màlúù ń ti ara wọn. Ó kí èkejì. Ó dúró pẹ́, bí ìgbà tí Bàbá Àlàní máa ń dúró. Ó kí ẹ̀kẹta.

Ẹnu mi là láti dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ẹran ì bá sì mu omi. Ṣùgbọ́n ilé ta ni mo fẹ́ dáhùn fún? Mo pa ẹnu mi dé.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó yí gbogbo agbo padà, tòùngbẹtòùngbẹ, ó ní, "Ẹ kú jókòó, Bàbá," ó gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Mo wo okùn tó wà nílẹ̀ níwájú mi. Mo ká a. Mo gbé e kọ́ èjìká, mo sì tẹ̀lé ẹ̀yìn màlúù náà jáde.